Ǹjẹ́ Ìdúró Jẹ́ Ákíṣọ̀n?

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa láti Bọ́lọ́rundúró, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, tí ó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹni tí ó kọ̀wé sí wa. Ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní gírámà, òun sì sọ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ákíṣọ̀n tí ènìyàn ṣe. Ni ọmọbìnrin kékeré kan bá na ọwọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, 'dúró' tí ó wà nínú orúkọ ìlú wa, ṣé ákíṣọ̀n ni? Ẹni tí ó dúró kò kúkú ṣe nǹkan kan." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò pa òun lẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé òun kò mọ èsì tí òun yóò fún ọmọ náà lọ́jọ́ kejì. Ó wá ní kí àwa tí a ń fi ọ̀rọ̀ jẹun bá òun wá a.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ yìí. A sì jẹ́wọ́ pé ìtìjú díẹ̀ mú wa nígbà tí a ka ìwé rẹ̀, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà, tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kì í kọjá lábẹ́ gègé wa, tí a kì í sì í dá a dúró láti bi í níbi tí ó ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí ibi ìpàdé òṣèlú, ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wò. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń lò fún dída ẹran lọ àti fún ṣíṣe nǹkan. Wọ́n sì ń lo ọmọ rẹ̀ kan fún pípe ènìyàn lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti di àpò aláàárù tí gbogbo ẹrù ń wọ̀. Bí ọmọ-ogun bá kú sójú ìjà, Gẹ̀ẹ́sì a ní inú ákíṣọ̀n ni ó kú sí. Bí ẹnì kan bá pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀, ákíṣọ̀n ni ó gbé dìde sí i. Bí òògùn bá jẹ́ lára aláìsàn, ákíṣọ̀n òògùn náà ni. Bí ẹni tí ń darí eré sinimá bá fẹ́ kí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀, ákíṣọ̀n ni ó máa ń kígbe. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé bí òṣìṣẹ́ bá kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó lọ jókòó sílé, ákíṣọ̀n náà ni wọ́n ní ó ń ṣe!

Yorùbá kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ojú ogun, ẹjọ́, ìgbésẹ̀, ìṣe, ìwà, iṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ilé tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń sùn sí ilé èkejì. Àwọn tí ó tú Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ èyí. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìwé tí ó ń sọ ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù ṣe, Ìṣe ni wọ́n pè é, wọn kò sì dá a dá bẹ́ẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni, kí a lè mọ ẹni tí ó ni ìṣe náà.

Ìdí kan wà tí wọn kò fi lè dá a dá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "ṣe". Bí ẹnì kan bá wọlé wá tí ó ní, "Wọ́n ti ṣe é," tí kò sì fi nǹkan mìíràn kún un, kò sí ẹni kan nínú ilé tí yóò rò pé oore ni wọ́n ṣe fún ẹni náà. Ohun tí gbogbo wa yóò rò ni pé ọwọ́ àwọn ọ̀tá ti tẹ̀ ẹ́. Bí a bá pàdé ọ̀rẹ́ wa tí ojú rẹ̀ kò dára, a ó bi í pé, "Kí ni ó ń ṣe ọ́?" Àìsàn tàbí ìbànújẹ́ ni a ń bèèrè. Orúkọ tí a sì ń pe òṣìkà ènìyàn ni aṣeni. Ìyẹn ni pé ní etí Yorùbá, ìṣe tí a kò bá fi ire kún, ibi ni a ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé rere ni òun ṣe ní láti sọ ọ́ jáde: ó ṣoore, ó ṣàánú, ó ṣètọ́jú. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní láti dárúkọ rẹ̀. Kò tó pé kí ó ní òun ń ṣe. A ó bi í pé kí ni ó ń ṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ Bọ́lọ́rundúró ti bọ́ sí inú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ọjọ́ 26, oṣù Máàṣì, 1950, àwọn ènìyàn díẹ̀ pé jọ sí ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Épírì, 1951, wọ́n ṣí ẹgbẹ́ náà ní gbangba ní Ọ̀wọ̀, ìlú kan náà tí ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ ń dé láàárín wákàtí díẹ̀. Action Group ni orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé oṣù Jánúárì ọdún 1950 gan-an ni Kwame Nkrumah ti kéde Positive Action rẹ̀ ní Gold Coast, tí ìjọba amúnisìn fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní oníákíṣọ̀n nígbà náà ń sọ pé òun ti kọjá ẹni tí ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọn ì bá ti sọ èyí fún àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Bí wọ́n bá tú u ní olówuuru, ohun tí ì bá jáde kò ní jìnnà sí Ẹgbẹ́ Aṣeni, ta ni yóò sì dìbò fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ náà palẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ ẹni, tí ó sì fẹ́ ire fún un. Kò sí ákíṣọ̀n kankan nínú rẹ̀! Ohun méjì tí Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé ni ó wà níbẹ̀, èyíinì ni ènìyàn tí a ń ṣe nǹkan fún, àti ire tí a ń wá fún un. Ní tiwa, a kò rí ìtumọ̀ kan nínú òṣèlú ilẹ̀ yìí tí ó sàn ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n tú lọ bí èyí.

Orúkọ kì í sì í jẹ́ oúnjẹ. Ohun tí ó mú kí orúkọ náà dúró ni pé àwọn tí ń jẹ́ ẹ dárúkọ ohun kan tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún, wọ́n sì dá ọjọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni ó wà nídìí rẹ̀, kí ẹ̀yin olùkọ́ má ṣe gbàgbé èyí. Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College ní Ọ̀wọ̀, ni ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ náà. Stephen Olúwọlé Awókòyà, tí òun náà ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí, ni mínísítà tí ó gbé àbá náà wá sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Júláì, 1952. Ní ọjọ́ 17, oṣù Jánúárì, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ fi ọwọ́ lé ìwé kí ẹ tún ka nọ́ńbà méjì yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún kan ṣoṣo!

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó ṣe é. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ agbègbè Oǹdó àti ti ibòmíràn wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó-orí tuntun tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ará ìlú bínú sí owó-orí náà, nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 1954, ẹgbẹ́ alákùkọ, NCNC, ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ilé àwọn ọlọ́pẹ fúnra wọn. Síbẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá kò yẹ̀. Òótọ́ ni pé olùkọ́ kò tó, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tí ì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi sí iwájú àwọn ọmọ, àwọn kan sì ń bú ètò náà nítorí èyí títí di òní. A kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bú u, ó mọ ohun tí ó ń bú. Ohun tí a ṣe ni, a sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ìjà ya ní 1962, tí wọ́n ń sọ àga lu ara wọn nínú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25, oṣù Màáyù. Ìyẹn náà, bí a bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ákíṣọ̀n ni. Ní 1965, lẹ́yìn ìdìbò oṣù Òkítóbà, wọ́n ń fi bẹntiróòlù sun ilé àti ènìyàn ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Wẹ́tì ẹ́ ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ tí ó dà bí eré ọmọdé. Àwọn ológun gba ìjọba ní Jánúárì 1966, nígbà tí ó di oṣù Màáyù ọdún náà, wọ́n fi òfin de Action Group pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti 1983, nítorí pé Àkúrẹ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún náà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó dìbò láti yan gómìnà. Ajásin, olùkọ́ àtijọ́ náà, ni ó wà lórí àga láti 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Olóyè Akin Ọmọ́boríowó, tí ó ti ṣe igbákejì rẹ̀ rí, ni ó bá a du ipò náà lábẹ́ ẹgbẹ́ NPN. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé Ọmọ́boríowó ni ó wọlé. Ìlú gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa ní Àkúrẹ́ sì ni Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ fi kọ́ ọmọ. Bí inú iná náà ti ń jó, Ajásin gba ilé-ẹjọ́ lọ. Adájọ́ yẹ ìbò wò, wọ́n dá ipò náà padà fún un, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣì wà tí wọ́n máa ń sọ pé iná ni ó gba ìbò àwọn padà, pé láìsí iná, adájọ́ kò ní gbọ́. A kò gbà. Ìwé ìbò ni adájọ́ kà, kò ka eérú. Ohun tí iná fi sílẹ̀ ni opó àti ọmọ aláìníbaba, àti àwọn aládùúgbò tí kò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí àwọn ọmọ ìta ṣe àti ohun tí agbẹjọ́rò ṣe, nítorí ákíṣọ̀n ni méjèèjì. Nínú èdè wa, ọ̀kan jẹ́ ìpànìyàn, èkejì jẹ́ ẹjọ́, a kò sì lè fi ọ̀kan pa èkejì mọ́. Bí ìdìbò mìíràn bá tún ń bọ̀, tí ẹnì kan sì dìde ní ibi ìpàdé tí ó ń kígbe pé àkókò ákíṣọ̀n ti dé, kí àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ ní kí ó fi Yorùbá sọ ọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá kọ̀ láti sọ ọ́, wọ́n ti mọ ohun tí ó ní lọ́kàn.

A óò fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan yóò bínú sí wa. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, NUT, ti wà láti 1931, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti jà fún owó oṣù àwọn ọmọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe, ó sì pè é ní ákíṣọ̀n. Yorùbá ń wo iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀, ó ní a ti bá iṣẹ́ yan odì, bí ẹni tí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yan odì. Ìdajì òtítọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 14, oṣù Fẹ́búárì, títí di ọjọ́ 14, oṣù Òkítóbà, 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, wọ́n ń ṣe nǹkan lóòótọ́: wọ́n ń béèrè ohun tí ìjọba ti fọwọ́ sí tí kò sì san. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó yẹ kí ó ti gba ìwé ẹ̀rí, tí ó wá ń gun ọ̀kadà ní Oǹdó, ohun tí òun rí ni odì. Ìjọba tí ó jẹ gbèsè ni a dá lẹ́bi ju olùkọ́ lọ, a sì sọ èyí láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá ń lọ sí ìyanṣẹ́lódì gbọ́dọ̀ lè sọ fún àwọn òbí ní èdè tí wọ́n gbọ́, ohun tí ó ń béèrè, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí a ti ṣe ìlérí rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, odì nìkan ni wọn yóò rí.

Wàyí o, "ìgbésẹ̀". Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwa oníròyìn fi rọ́pò ákíṣọ̀n, ẹ̀bi wa sì ni. Ìjọba gbé ìgbésẹ̀ lórí ọ̀nà tí ó bàjẹ́. Gómìnà gbé ìgbésẹ̀ lórí omi ẹ̀rọ. Mínísítà ti gbé ìgbésẹ̀ tí ó yẹ. Kí ni ó túmọ̀ sí láti gbé ìgbésẹ̀? Kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè ni. Ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tí ó ti gbé e, ó sì lè máa gbé e sókè bẹ́ẹ̀ títí ọdún mẹ́rin yóò fi pé. A bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ìròyìn tiwa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ó sì ku díẹ̀ kí a parí, ìtìjú ní kí a fi í sílẹ̀. Láti òní lọ, bí ìjọba bá ní òun ti gbé ìgbésẹ̀, a ó máa bi í kí ó tó di pé a tẹ̀ ẹ́: ẹsẹ̀ ta ni, níbo ni ó fi lélẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò sì dé?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà ní ìbéèrè tiyín. Ọ̀rọ̀ Action tún padà wá sínú òṣèlú wa ní 2006 nígbà tí wọ́n dá Action Congress sílẹ̀, ó sì tún fi orúkọ náà sílẹ̀ nígbà tí òun àti àwọn mìíràn para pọ̀ di APC ní 2013. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ni ó mọ orúkọ Yorùbá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́? A kò bèèrè àmì. Gbogbo wa ni a mọ onígbálẹ̀, a mọ alágbòòrùn, bí àwọn bàbá wa ti mọ ọlọ́pẹ àti alákùkọ. Ìgbálẹ̀ àti agbòòrùn kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò sí ẹni tí ó ronú láti tú orúkọ rẹ̀ sí Yorùbá, ó lè jẹ́ pé àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin Bọ́lọ́rundúró, a ti gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ṣi òun àti olùkọ́ rẹ̀ lọ́nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kò fi gbogbo ìgbà sọ ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe. "Ga" nínú "igi náà ga" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "mọ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "wà" pẹ̀lú. "Dúró" sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. A ń dúró de ọkọ̀, a ń dúró ti ọ̀rẹ́ nínú ìṣòro, orúkọ ìlú yẹn sì ní kí a bá Ọlọ́run dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ẹni tí ó dúró kò ṣe nǹkan kan, kí ó lọ bi onídùúró léèrè, ẹni tí ó dúró fún ẹlòmíràn ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí nídìí owó èlé, tí ẹni náà sì sá lọ ní òru. Yóò sọ fún un bí ìdúró ṣe wúwo tó, àti iye tí ó ná òun.

Kí olùkọ́ wa sọ fún ọmọ náà pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ni "dúró". Kí ó sì fún un ní máàkì fún ìbéèrè rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín sí i.